Ògiri Kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Kùn Lọ́dà

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ló máa ń ra ìwé ìròyìn yín, èmi ni mo máa ń kà á tán, mi ò sì kọ nǹkan kan sí yín rí. Lẹ́tà tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n wá bírò. Bàbá tó kọ ọ́ sọ ohun méjì. Wọ́n ní tówó ẹni ò bá ká ilé kíkọ́, kéèyàn wá akọ́kù rà, pé òun lowó ẹ̀ ò ga ní Èkó báyìí, pé wọ́n ti bá ẹ ṣe èyí tó le níbẹ̀ tán, tìẹ ò ju kó o parí ẹ̀ lọ. Wọ́n tún ní kí ọmọ Yorùbá má lọ rà á ládùúgbò tí oríṣiríṣi ẹ̀yà bá ti kún, wọ́n sì dárúkọ Ajégúnlẹ̀ wa gan-an, pé èèyàn ò ní mọ irú ẹni tóun ń bá gbé. Ó dáa. Èmi ra akọ́kù, Ajégúnlẹ̀ náà ni mo ti rà á, nínú ohun méjì tí bàbá yẹn sọ mi ò rí èyí tí mo lè bá wọn gbà.

Àwa mẹ́ta la dáwó jọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà n'Ìbàdàn, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àbúrò mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ń ta aṣọ lọ́jà Boundary láti 2004. Ẹ̀jẹ́ńtì kan ló mú wa lọ wo ilé náà, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì ni, fúláàtì méjì nílẹ̀, méjì lájà kìíní, méjì lájà kejì, gbogbo ẹ̀ mẹ́fà. Búlọ́ọ̀kù ti dé lẹ́ńtù lókè pátápátá, òrùlé ló kù. Wọn ò tíì rẹ́ ẹ, kò ní wíńdò, koríko ti hù lára àtẹ̀gùn, ewúrẹ́ ń sùn ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pè é, tẹ́ ẹ bá fi wé ohun tí wọ́n ń ta ilẹ̀ lásán láwọn àdúgbò míì, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ta wá lọ́rẹ. Àbúrò mi ń wò ó lórí fídíò láti Lọ́ńdọ̀nù, ló bá figbe ta, "Àǹtí mi, ẹ san án, ẹ tètè san án kí wọ́n má gbà á mọ́ wa lọ́wọ́."

Nǹkan kan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ilé tí wọn ò rẹ́, tí wọn ò tíì fi páìpù kan sí, wọ́n kun ògiri ẹ̀ kan lọ́dà funfun. Ògiri kan ṣoṣo o, èyí tó kọjú sí títì. Ta ló ń kun ògiri tí wọn ò tíì rẹ́? Mo bi ẹ̀jẹ́ńtì, ó ní kílé lè mọ́ lójú oníbàárà ni. Ó wá rọra sún mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ ṣe mí lóore, ó ní, "Mummy, ẹ má bá àwọn ará ibí sọ̀rọ̀ o. Ẹ wò ó, Ìgbò ló wà níwájú yẹn, Ìlàjẹ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, Ùròbò wà lẹ́yìn, Haúsá ló kún kọ́nà, wọ́n á fi ìlara bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́." Èmi tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí! Mo kàn ní mo ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ fún ẹni tí ò mọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn Àpápá ni Ajégúnlẹ̀ wà, ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifẹ́lódùn. Ebúté Àpápá ló kó èèyàn wá, ẹni tó bá ríṣẹ́ ní ebúté tí ò lówó àtigbé Àpápá, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń sùn sí, bí Ìlàjẹ ṣe dé nìyẹn, bí àwọn Ijaw ṣe dé, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá, Ẹ̀gùn, títí tó fi jẹ́ pé pídgin ni ọmọ tá a bí síbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ, ìyẹn ni àwọn ìbejì mi náà fi ń jà. Daddy Showkey olórin tí gbogbo ayé mọ̀, níbí ni. Odion Ighalo tó gbá bọ́ọ̀lù dé Manchester United, níbí ló dàgbà sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ àbàtà ló pọ̀ jù, tójò bá rọ̀ dáadáa omi á yọjú wá kí yín ní yàrá, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ilé àjà méjì níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ìpìlẹ̀ gidi.

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Akọ́kù náà kì í dúró lásán. Ẹni tó ti kọ́lé dé lẹ́ńtù òkè tó wá dá a dúró fún ọdún márùn-ún, nǹkan kan ló dá a dúró, mo sì fẹ́ mọ nǹkan ọ̀hún. Lọ́jọ́ kejì mo dá padà lọ láìsí ẹ̀jẹ́ńtì.

Ìyá Ìlàjẹ tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni mo kọ́kọ́ bá. Mo ra ẹja, mo jókòó. Mo ní wọ́n sọ fún mi pé ẹni tó nilé wà l'Amẹ́ríkà, pé ọmọ ẹ̀ ló ń bá a tà á, bàbá ti fún un ní páwà ọ̀fù àtọ́nì, ìwé àṣẹ láti tà á lórúkọ bàbá. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Amẹ́ríkà wo? Ìgbókòdá la sin ín sí, èmi náà jẹ nínú ìrẹsì ọjọ́ náà." Bàbá ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ní ìyàwó méjì, ìyáálé jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ bíi tiẹ̀, ó bímọ márùn-ún, ìyàwó kékeré jẹ́ Ùròbò, ó bí ẹyọ kan, wọ́n sì ti gbé ara wọn dé kóòtù gíga lórí ilé yìí. Ọmọ kan nínú ti ìyáálé ló jí ọ̀rọ̀ gbé lọ bá ẹ̀jẹ́ńtì.

Ẹ dákun, kí ẹni tó bá ń kà á mọ èyí dájú: páwà tí èèyàn bá fúnni lásán, láìgbowó kankan lé e, ọjọ́ tó bá kú lagbára ẹ̀ kú. Òkú ò lè rán ni níṣẹ́ lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá sì ra ohun tó ti wà ní kóòtù, ó ra ẹjọ́ ẹ̀ mọ́ ọn, ibi tí adájọ́ bá sọ ọ́ sí ni ó lọ sí. Lọ́yà wa ti lọ yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò lọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja, ó ti bá wa wo sọ́féè bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba gbà, gbogbo ẹ̀ mọ́, ó ní ká máa ṣe lọ. Kò parọ́. Ìwé ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ ò mọ̀ pé wọ́n ti jẹ ìrẹsì bàbá.

Mo kọjá sọ́dọ̀ ọmọ Ìgbò tó ń jó irin níwájú. Èyí ò tiẹ̀ jẹ́ kí n béèrè tán. Ó ní, "Mama, dem no tell you wetin dey under that paint?" Ó ní STOP WORK ni, ìyẹn ẹ dáṣẹ́ dúró, tí ìjọba fi ọ̀dà pupa gàdàgbà kọ síbẹ̀, ó ní òun ń wò ó lójoojúmọ́ láti ṣọ́ọ̀bù òun títí di oṣù tó kọjá tí ẹnì kan wá fi funfun bò ó. Kí ló dé tí wọ́n fi kọ ọ́? Ó ní ìwé pàmíìtì tí bàbá gbà láti kọ́lé, àjà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Bàbá wo ilé tán, ó ní kí wọ́n fi ọ̀kan lé e. Ìjọba dé, wọ́n kọ̀wé pupa. Bàbá dúró títí di òpin ọ̀sẹ̀, ó wá fi Sátidé àti Sọ́ńdè da dẹ́kìn kejì, kọnkéré tí àjà kejì dúró lé, torí ó gbà pé òṣìṣẹ́ ìjọba kì í jáde lọ́jọ́ ìsinmi.

Ẹni kẹta ni mẹ́rúwà, Haúsá tó ń fi ọmọláńkẹ́ ta omi ní kọ́nà. Òun ò mọ̀ pé nǹkan pàtàkì lòun ń sọ. Omi ilẹ̀ wa níbí ò ṣeé gbójú lé, torí náà ọwọ́ àwọn mẹ́rúwà làwọn tó ń kọ́lé ti ń ra omi. Mo bi í bóyá ó rántí iṣẹ́ ilé yẹn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, oníbàárà gidi ni bàbá nígbà tó ń da dẹ́kìn àkọ́kọ́, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ń ra omi láràárọ̀ wá wọ́n ọn. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Ó ní ọjọ́ méjì péré, lẹ́yìn ìyẹn wọn ò dé mọ́, ó sì jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn mú gan-an.

Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ lọ gbuu. Wọ́n ti kọ́lé tara wọn n'Ìbàdàn, wọ́n mọ̀ ọ́n. Kọnkéré tútù ń mu omi bí ọmọ tuntun ṣe ń mu ọmú, tẹ́ ẹ bá gba omi lẹ́nu ẹ̀ kó tó pé ọjọ́ méje, ó máa gbẹ o, àmọ́ kò ní le tó bó ṣe yẹ. Tó bá pé ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń wọn agbára ẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ìjọba ò ráyè bu omi sí dẹ́kìn.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Lọ́yà wa, ọmọ Yorùbá ni. Ẹ̀jẹ́ńtì, ọmọ Yorùbá ni, ó tiẹ̀ ń kí mi lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ tà á fún wa, ọmọ tiwa náà ni. Ọmọ Ìgbò kan pẹ̀lú Haúsá kan, àti ìyá Ìlàjẹ tí ẹ̀jẹ́ńtì kà mọ́ àjèjì láìka pé Yorùbá bíi tèmi ni, àwọn ló gbà wá. Ìdí tí mo fi ní kí bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn dákun tún un rò nìyẹn. Àdúgbò tí kálukú ti wá láti ibòmíì, àṣírí akọ́kù kì í pa mọ́ níbẹ̀, torí ìbátan ò sí láàárín wọn tí wọ́n á máa bò lójú. Tó bá jẹ́ àdúgbò tí gbogbo wa ti jẹ́ ẹbí kan, ṣé ẹ rò pé ẹnì kan á sọ fún mi pé ọmọ ìdílé òun ń ta ilé òkú? Wọ́n á ní kí n lọ bi olórí ẹbí.

Ẹ má sì jẹ́ ká ṣe bíi pé àdúgbò olówó ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ilé burúkú. Ilé tó wó ní Gerrard Road n'Íkòyí lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, akọ́kù ni, alájà mọ́kànlélógún, orí ẹ̀ ni wọ́n ṣì wà tó fi wó, ó lé ní ogójì èèyàn tó bá a lọ. Íkòyí nìyẹn o, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ ó ní kí ló wá dé tá a ṣì rà á. Torí a ti mọ àìsàn tó ń ṣe é ni. Àìsàn téèyàn bá mọ̀, èèyàn lè fi owó wọ̀n ọ́n. A dá ẹ̀jẹ́ńtì dúró (kò tíì dá mi lóhùn kíkí dòní). Ìyá ẹlẹ́ja ló bá wa gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyàwó kékeré, lọ́yà tiwọn méjèèjì pàdé tiwa. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn ò ju bí wọ́n ṣe máa pín in lọ: àwọn ọmọ ìyáálé ní orí-ò-jorí làwọn fẹ́, kílé pín sọ́nà mẹ́fà, márùn-ún tiwọn, ọ̀kan tọmọ kékeré. Ìyàwó kékeré ní ìdí igi ni, kí wọ́n fi iye ìyàwó pín in, ìdajì sí ìdajì. Irú ìjà yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole láti Èkó níbí dé ọ̀dọ̀ Privy Council, kóòtù tó ga jù fún wa nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí igi làṣà Yorùbá gan-an, pé orí-ò-jorí kàn lè wáyé tí olórí ẹbí bá rí i pé òun ló máa parí ìjà. Nígbà tí lọ́yà ka èyí sí wọn létí, ara àwọn ọmọ ìyáálé balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n gbà, wọ́n yanjú ẹjọ́ ní kóòtù, wọ́n gba létà ọ̀fù àdìmínísítíréṣọ̀n, ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún òkú, ní Probate, ìdí igi méjèèjì fọwọ́ sí ìwé wa, títí kan ọmọ kan tó wà ní Port Harcourt tá a san owó ọkọ̀ ẹ̀ wá. Oṣù mẹ́rìnlá ló gbà wá. Àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kó tó di pé a sanwó, a mú ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, wá, ó fi òòlù tó ń ta padà lu pílà àti dẹ́kìn káàkiri, ó tún ní kí wọ́n gbẹ́ kọnkéré díẹ̀ jáde lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ìpìlẹ̀ dáa, pílà ilẹ̀ dáa, dẹ́kìn kìíní le bí òkúta. Dẹ́kìn kejì ò dé ìdajì agbára tó yẹ kó ní. Mẹ́rúwà ti sọ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Irin tó yọ lórí pílà lókè náà ti dógùn-ún, èyí tí òjò ti pa fún ọdún márùn-ún, ó ń bó bí èèpo ẹ̀pà.

Torí náà fúláàtì mẹ́fà di mẹ́rin. A ní kí wọ́n yọ owó méjì òkè àti owó àtiwó dẹ́kìn kúrò nínú iye ilé, wọ́n jà, wọ́n gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe bá pàmíìtì mu, àjà kan tí bàbá gbà níjọ́ kìíní, òun la padà sí. Fún ẹni tó bá fẹ́ ra tiẹ̀: ẹ béèrè ìwé pàmíìtì kẹ́ ẹ sì ka iye àjà tó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá jáde síta kẹ́ ẹ ka ilé fúnra yín. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ lè ṣe é.

Lọ́jọ́ tá a bẹ̀rẹ̀ sí í wó dẹ́kìn làwọn ọmọ onílẹ̀ dé. Wọ́n ní ká mú owó dẹ́kìn wá. Mo ní a ń wó o ni, wọ́n ní kò kan àwọn, dẹ́kìn ni dẹ́kìn. Òfin tí Ambode, gómìnà Èkó nígbà náà, fọwọ́ sí ní 2016 wà níbẹ̀ o, ẹni tó bá fi agbára gba ilẹ̀ onílẹ̀ lè lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, mo mọ̀ ọ́n, àwọn náà mọ̀ ọ́n. A ṣì ra ọtí fún wọn. Mi ò ní parọ́ fún yín pé mo lé wọn lọ.

Bàbá Ẹ̀gùn kan tún wà tó ń gbé nínú yàrá kan nílẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀ àtọmọ méjì, òun ló ń ṣọ́ ilé fún olóògbé, ó ní wọn ò sanwó fóun láti ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ̀jẹ́ńtì ti ní ká fi ọlọ́pàá lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, a gba yàrá fún un níbòmíì fún ọdún kan. Ó dúpẹ́, ó kó ẹrù ẹ̀, ó sì yọ férémù wíńdò méjì tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà mọ́ ọn. Èmi bínú gan-an, ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní owó ọdún mẹ́rin tí wọn ò san fún un nìyẹn.

Lórí pé owó akọ́kù ò ga, mo bẹ bàbá yẹn, kí wọ́n mú bírò kí wọ́n ṣírò ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù àti dẹ́kìn tí ojú ń rí, ó lè má tó ìdajì owó ilé. Rírẹ́ ẹ, wáyà, páìpù, táìsì, ilẹ̀kùn, òrùlé, ṣálángá, ibẹ̀ ni owó ń wọ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa sókàwéè, kòtò tí omi ṣálángá ń dà sí, òun nìkan wàhálà ni, torí omi ò jìnnà sílẹ̀, èyí tá a kọ́kọ́ gbẹ́ kún fúnra ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lò ó, a ní láti gbé e ga kúrò nílẹ̀. Ẹnì kan gbà wá níyànjú pé ká gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wá yálé ká fi parí iṣẹ́. Òfin ilé yíyá Èkó ti 2011 ò gbà á, ọdún kan lèèyàn lè gbà lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, a ò sì fẹ́ gba owó ilé tí ò lórùlé lọ́wọ́ ọmọ ẹni kan.

Ọmọ Ìgbò iwájú ló bá wa ṣe gbogbo irin ojú wíńdò, ó sì ti ní òun fẹ́ fúláàtì kan nílẹ̀. Ìyàwó kékeré náà ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan, ó ní ilé ọkọ òun ni, òun ò fẹ́ jìnnà sí i. A ò tíì dá a lóhùn. Àbúrò mi ní ká fún un, ẹ̀gbọ́n mi ní tá a bá fún un lónìí, lọ́la ọmọ ìyáálé á ní ilé bàbá àwọn ni. Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé yín bá ti wà nírú ọ̀rọ̀ yìí rí, kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ̀wé sí yín, a ó máa wò ó.

Ògiri funfun yẹn ṣì wà níbẹ̀. Òjò ti fọ díẹ̀ nínú ọ̀dà yẹn, ẹ ti lè máa ka S àti T báyìí. Kápẹ́ńtà ní Thursday lòun máa gbé pákó òrùlé wá, kí ẹ bá wa bẹ ojú ọjọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì aláṣọ,
Ajégúnlẹ̀, Èkó.